Òkè tí Mo Lọ Wá Létí Odò

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mo ti sapá títí láti gbàgbé, tí kò gbà fún mi. Bí mo bá ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ láàárọ̀ tí ó bá wá sí mi lọ́kàn, ńṣe ni mo máa ń gbójú kúrò lára dígí. Ó ti pẹ́ o. Ìgbà tí epo rọ̀bì gbòde ni, tí àwa tí iléeṣẹ́ gbé láti Èkó wá sí Warri rò pé àwa gan-an la ni ayé. Mo ní ilé iléeṣẹ́, mo ní mọ́tò tuntun aláwọ̀ ewé tó ń dán yinrin, wọ́n sì fún mi ní awakọ̀, ọmọ Urhobo kan tó ń jẹ́ Ẹ́fẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní ni òótọ́ inú, òun ló sì kó mi sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí irọ́ náà. Nígbà tí mo ń fẹ́ ìyàwó mi, Àdùkẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé ni, ìwé tí mo kà níbẹ̀ sì ń gùn mí gidi. Tíṣà kan náà ń fẹ́ ẹ, ọkùnrin gíga kan tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ò ga, bí mo bá sì kọrin, àwọn èèyàn á bi mí bóyá ara mi yá. Ohun tí mo rí gbá mú ni Skọ́tílándì. Mo sọ fún Àdùkẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ pé èmi nìkan ni mo wa mọ́tò gun àwọn òkè Skọ́tílándì, àgùntàn lápá ọ̀tún, adágún omi lápá òsì, títí mo fi dé orí èyí tó ga jù nínú wọn. Mo ní mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sọ̀ kalẹ̀, àwọsánmọ̀ wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi, mo sì sọ ọ́ sókè pé, "Ẹni tí mo bá mú wá síbí, òun ni aya mi." Àdùkẹ́ kàn ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé àwọsánmọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti sọ fún tíṣà pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Bọ́ọ̀sì ni o. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kó jọ sínú bọ́ọ̀sì kan, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé orí rẹ̀ ni mo sì fi ń bì sínú fìlà mi. Àwọsánmọ̀ tí mo ń sọ yẹn, mi ò gbójú sókè rí i. Ẹnì kan tó jókòó níwájú mi ló ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun rí i. Ọ̀rọ̀ nípa aya ní tirẹ̀, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá Àdùkẹ́ níbẹ̀ ni mo ti ro ó jọ.

Irọ́ náà sùn jẹ́ẹ́ fún ọdún méje. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ fún mi ní ìsinmi oṣù kan pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún èmi àti ìdílé mi. Mo ní ká lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ká ra aṣọ, ká padà wálé bí gbogbo èèyàn. Àdùkẹ́ ní rárá.

"Bàbá Bísí, òkè yẹn ni kí ẹ mú mi lọ," ló wí. "Ó ti ń lọ bí ọdún méje tí mo ti ń retí rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú sọ ọ́."

Ojú mi rẹ́rìn-ín, inú mi ò rẹ́rìn-ín. Kàkà kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀, ńṣe ni mo lọ ra máàpù. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun, mo fi bírò pupa fa ọ̀nà tí a óò gbà, mo sàmì sí ibi tí a óò ti jẹun ọ̀sán àti ibi tí a óò ti ya fọ́tò. Bí àlejò bá wá, mo ti fà á dé ìdí máàpù nìyẹn. "Níbí," mo máa ń wí, "jíà kìíní ni ẹ máa fi gùn ún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wà, kó má débẹ̀." Bísí, ọmọ wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, a máa jókòó tì mí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Pidgin ló fi ń dá wa lóhùn.

"Daddy, the mountain tall pass our church?"

"Ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì."

"E tall pass cloud?"

"Àwọsánmọ̀? Ẹsẹ̀ mi ló ń tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dé ìjọ. Wọ́n ní kí n wá bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń wa mọ́tò lórí òkè nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ gbà mí, mo lọ. Mo sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ já mi láyà. Ó ń gbé mi lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, ló bá ní, "Oga, for mountain, na clutch and handbrake be the whole matter o. If you no sabi balance the two, motor go carry you go back where you from come." Mo ní mo mọ̀. Mi ò mọ̀. Ìwé ìwakọ̀ mi, orí tábìlì mi ní ọ́fíìsì ló bá mi; ẹni tó mú un wá ò bi mí léèrè ohunkóhun ju bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi lọ. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni èmi fúnra mi máa ń wa mọ́tò, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, Warri sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Kò sí ibì kan níbẹ̀ tó ga ju àga ìjókòó lọ. Mi ò tíì fi mọ́tò gun ohunkóhun rí láyé mi.

Mo ní láti kọ́ ọ, mo sì ní láti kọ́ ọ ní bòókẹ́lẹ́. Bí mo bá sọ fún Ẹ́fẹ́ láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo awakọ̀ iléeṣẹ́ ti gbọ́, ìyàwó mi á sì gbọ́ kí wọ́n tó pa iná ọbẹ̀. Mo wá rántí Bàbá Ayétán. Àgbà Ìlàjẹ ni nínú ìjọ wa, apẹja, létí odò lẹ́yìn ọjà Igbudu ló ń gbé, kò sì sí ọ̀nà tàbí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Èmi àti Bàbá fẹ́ràn ara wa. Òun a máa fi Ìlàjẹ sọ̀rọ̀, èmi a máa fi Ìjẹ̀bú gbọ́ ọ, àwa méjèèjì a sì rò pé a ti yé ara wa. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òkè kankan wà ní Warri níbí?"

Bàbá wò mí bí ẹni tó bèèrè bóyá ẹja wà nínú odò. "Òkè wà, ọma mi. Ọ̀dọ̀ mi gan-an, òkè ni."

"Ṣé ó ga, sà?"

"Ó ga ju omi lọ. Bó ti wù kí omi kún tó, kì í débẹ̀."

Orí mi wú. Òkè tí ìkún omi kì í dé! "Mo fẹ́ fi mọ́tò gùn ún ni sà, kí ẹsẹ̀ mi lè mọ̀ ọ́n. Ṣé mọ́tò lè débẹ̀?"

"Yóò dé. Mọ́tò kan wá lọ́dún èṣí."

Ó yẹ kí n bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò ọdún èṣí náà. Mi ò bèèrè.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún Àdùkẹ́ pé mò ń lọ sí ọ́fíìsì láti lọ yẹ iṣẹ́ kan wò. Ó ní òun náà ń jáde pẹ̀lú Bísí, òun ń lọ wá ẹja gbígbẹ tí a óò gbé dání, nítorí òun ti gbọ́ pé ọbẹ̀ àwọn òyìnbó ò dùn lẹ́nu. Mi ò bi í níbi tó ti fẹ́ rà á. Mo wọ bàtà mi tó dára jù, ẹni tó fẹ́ gun òkè gbọ́dọ̀ múra, mo sì gba ọ̀nà Igbudu. Nígbà tí mo kọjá ọjà, obìnrin kan tó ń ta gààrí kígbe sí mi, "Oga, where you dey carry this fine motor go? Na water dey front o!" Mo juwọ́ sí i bí gómìnà, mo sì ń lọ.

Bàbá Ayétán dúró dè mí níwájú ilé pákó rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àwọ̀n tí wọ́n sá sórí igi ni mo rí, àti àwọn ọkọ̀ ojú omi, àti iyanrìn.

"Bàbá, òkè náà dà?"

"Orí rẹ̀ lo wà yẹn."

Mo wo ìsàlẹ̀ bàtà mi. Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ lásán, tó tẹ́ rẹrẹ. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Orí omi ni wọ́n ti bí Bàbá, nínú ilé tí wọ́n fi òpó gbé dúró lórí omi. Ibikíbi tí èèyàn bá ti lè dúró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tutù, òkè nìyẹn lẹ́nu tirẹ̀. Bàbá ò purọ́ fún mi rárá. Èmi tí mo ti fi irọ́ gun òkè ni mi ò mọ òkè tòótọ́ nígbà tí mo dúró lórí rẹ̀.

Ká ní mo dúpẹ́, tí mo sì padà sílé, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ ojú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti máa ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi gòkè. Amọ̀ pupa ni, ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú odò, kò sì gùn ju ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta lọ. Mo ní, ó kúkú ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ti wá náà.

"Ọma mi," ni Bàbá wí, "ibẹ̀ yẹn kì í ṣe òkè o. Ìsàlẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Mo ti wa mọ́tò ní Skọ́tílándì rí."

Mo fi ẹ̀yìn mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí imú mọ́tò lè kọjú sókè. Mo fa búréèkì ọwọ́. Mo ki jíà kìíní bọ̀ ọ́, mo tú búréèkì, mo gbé ẹsẹ̀ òsì. Mọ́tò gbọ̀n rìrì, ó kú, ó sì fi ẹ̀yìn yọ̀ bí ìwọ̀n apá kan. Mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bú ramúramù, táyà fi amọ̀ kun aṣọ tí ẹnì kan sá, ó tún kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ bú. Ó kàn ń yọ̀ lọ sẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́, èmi pẹ̀lú rẹ̀, títí mo fi gbọ́ ìró omi. Mo ṣílẹ̀kùn láti sọ̀ kalẹ̀, omi sì wọlé wá kí mi. Mo gbẹ́sẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ jáde, bàtà ò jáde. Bẹ́ẹ̀ omi ń kún bọ̀ lásìkò yẹn.

Mi ò mọ ibi tí èèyàn ti yọ. Gbogbo etí odò ti kún fún èrò.

"Oga, na baf you wan baf the motor?"

"Leave am, e wan go fishing!"

"Oga, that one no get paddle o!"

Mo ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan yọ láti òdìkejì. Màmá Ayétán, ìyàwó Bàbá, ló ń wà á bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Obìnrin kan jókòó láàárín pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ lẹ́sẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìró tí obìnrin náà ró sídìí. Mo ní kí ilẹ̀ lanu, àmọ́ ẹrẹ̀ ni, orúnkún nìkan ló lè gbé mì. Ọkọ̀ wọn rọra gúnlẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn mọ́tò mi.

"Bàbá Bísí?"

"Àdùkẹ́."

"Ọ́fíìsì nìyí?"

Bísí nàró nínú ọkọ̀. "Daddy, why our motor dey inside water? No be you climb mountain pass cloud?"

"Mountain?" ni ẹnì kan kígbe nínú èrò. "This one? Oga Mountain!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi. Bàbá Ayétán, ẹni ire, fẹ́ gbà mí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n yé fi mí rẹ́rìn-ín, pé òkè ni mo wá bèèrè lọ́wọ́ òun, pé mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi mọ́tò gùn ún.

Àdùkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó wo Bàbá, ó wò mí.

"Kí ẹ lè kọ́ ọ?" ló wí jẹ́jẹ́. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?"

Irọ́ ṣì pọ̀ lẹ́nu mi. Mo lè ní búréèkì ló bàjẹ́. Mo lè ní òkúta ni òkè òyìnbó, kì í ṣe amọ̀. Àmọ́ mo dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan, ọmọ mi ń wò mí, ó sì sú mi.

"Bọ́ọ̀sì ni," mo wí. "Bọ́ọ̀sì ló gbé mi gun òkè yẹn. Mi ò wa nǹkan kan."

Àdùkẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja karí, ó di ọwọ́ Bísí mú, ó sì bá ọ̀nà lọ. Ojú tì mí. Ojú ti ń tì mí tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn èèyàn, àmọ́ èyí yàtọ̀. Ẹ̀yìn ìyàwó mi tó ń lọ ni mò ń wò, omi sì ń dé mi ní orúnkún.

Àwọn apẹja ló yọ mọ́tò. Wọ́n to igi roboto síwájú rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn nímú, wọ́n sì wọ́ ọ gòkè pẹ̀lú orin bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ ni Ẹ́fẹ́ sáré dé. Àdùkẹ́ ló rán an, pẹ̀lú gbogbo ìbínú rẹ̀. Ẹ́fẹ́ wo mọ́tò, ó wo odò, ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Oga," ló wí, "so na here be Scotland."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo bá Àdùkẹ́ nídìí tábìlì ìjẹun pẹ̀lú máàpù níwájú rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ ìlà pupa náà.

"O pa irọ́ fún mi," ló wí.

Mo gbọ́ irọ́ náà, mo sì gbọ́ "o" náà. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí inú bá ń bí i.

"Gbogbo ohun tí o ní, ẹlòmíràn náà ní in," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Tíṣà ga jù ọ́ lọ, ó sì mọ orin kọ. Òkè yẹn nìkan ni kò ní. Òkè yẹn ni mo fẹ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìjókòó ẹ̀yìn, èébì, fìlà.

"Fìlà náà ńkọ́?"

"Mo jù ú láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì."

Ètè rẹ̀ fẹ́ mì, ó fún un pọ̀. Láti ọjọ́ náà, "o" ni mò ń gbọ́. "O ti jẹun?" "Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lọ́nà." Kò bá mi jà, ó ń se oúnjẹ, àmọ́ bí ó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, ó ń dùn mí ju èébú lọ. Mo ní ká fi ìrìn àjò náà sílẹ̀. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde lójoojúmọ́ lọ́sàn-án, mo sì rò pé ọjà ló ń lọ. Nígbà tí ilé ìwé wọ ìsinmi, ó ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Ìdànrè fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí Ẹ́fẹ́ gbé òun lọ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fọwọ́ sí i. Ìgbà tí wọ́n dé, tí mọ́tò yà wọ ọgbà wa, Àdùkẹ́ ló wà nídìí ọkọ̀. Ẹ́fẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká apá mọ́yà bí ọ̀gá. Ẹ́fẹ́ ló ń kọ́ ọ ní mọ́tò ní gbogbo ọ̀sán tí mo rò pé ó lọ sí ọjà, àárín àwọn òkè Ìdànrè ni wọ́n sì ti lọ parí ẹ̀kọ́ náà.

"Oga, no vex," ni Ẹ́fẹ́ wí. "Madam sabi pass you."

Bí a ṣe lọ sí Skọ́tílándì nìyẹn, a sì háyà mọ́tò níbẹ̀. Àdùkẹ́ wa mọ́tò gba ìlà pupa tí mo fà, àgùntàn lápá ọ̀tún, adágún omi lápá òsì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo di máàpù mú títí tí ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí yí, lẹ́yìn náà mo gbé máàpù sílẹ̀, mo di fìlà mi mú. Gbogbo ohun tí mo fi pa mọ́ fún ọdún méje ló rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Bísí ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn láti ìjókòó ẹ̀yìn. "Sorry, Daddy. Sorry."

Lórí òkè, ó fa búréèkì ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì. A sọ̀ kalẹ̀. Kùrukùru funfun bo gbogbo ibẹ̀, a ò rí ju àgùntàn kan lọ.

"Daddy, where the cloud wey dey down?"

"Inú rẹ̀ la wà," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí mi. Ó wo fìlà tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi.

"Ó yá," ló wí. "Ẹ sọ ọ́."

Ẹ. Mo gbọ́ ọ. Omi lé sí mi lójú, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹni tí mo bá mú wá síbí..."

"Ta ló mú ta wá?"

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó bá mú mi wá síbí, òun ni aya mi."

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó ti fún pọ̀ sẹ́nu láti ọjọ́ tí mo sọ ti fìlà fún un, àgùntàn náà sì sá lọ.

Ní Warri, Oga Mountain ni wọ́n ń pè mí títí tí iléeṣẹ́ fi gbé mi padà sí Èkó. Mi ò bínú sí i, ó tọ́ sí mi. Mo ti kọ́gbọ́n pé irọ́ tí èèyàn bá fi fẹ́ ìyàwó, ọjọ́ kan ni ìyàwó náà á ní kó mú òun débẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí bóyá mo ti wa mọ́tò gun òkè rí, mo máa ń sọ ọ́ bó ṣe rí: ìyàwó mi ló wà á, èmi ni mo di fìlà mú. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ tèmi kì í pẹ́ tó tiwọn.